Ọkọ̀ Tó Ń Gbọ̀n Bó Bá Dúró

Ọkọ̀ àwọn olówó àtijọ́ ni. Jámánì ló ṣe é, awọ gidi ni wọ́n fi ran ìjókòó rẹ̀, igi dídán sì wà níwájú ẹni tó ń wà á. Ẹni tó rà á ti kú. Ìyàwó rẹ̀, màmá kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ló ń wà á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti sí ọ̀dọ̀ dókítà. Bàbá màmá yìí ló ti Porto-Novo wá ṣe akọ̀wé fún àwọn Faransé láyé ọjọ́un, Abidjan ni wọ́n sì bí òun sí. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n bó bá fi Yorùbá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, Faransé ló sábà máa ń fi parí rẹ̀.

Bí ọkọ̀ náà bá ń sáré, kò sí ohun tó ń ṣe é. Ìgbà tó bá dúró níbi iná pupa ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Sítíárì á gbọ̀n, dígí á gbọ̀n, rósárì tí màmá fi kọ́ síwájú á máa fì síwá-sẹ́yìn. Nígbà mìíràn ẹ́ńjìnì á kú pátápátá. Ó kú mọ́ ọn nídìí lọ́jọ́ kan lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Williamsville, díẹ̀ ló sì kù kí gbaka kan tó ń kó èrò bọ̀ láti Anyama kọ lù ú lẹ́yìn. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti ń sọ pé kí àwọn tó ń tú ògbólógbòó ọkọ̀ tà wá gbé e lọ. Màmá ní òun ò gbà, àfi bí àwa bá sọ fún òun pé kò sí ọ̀nà mọ́.

Ràláńtì ni àwa mẹkáníìkì níbí ń pe bí ẹ́ńjìnì ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ọkọ̀ dúró, tí ẹnikẹ́ni kò tẹ epo sí i. Ràláńtì ọkọ̀ màmá ti bàjẹ́ fún nǹkan bí ọdún méjì. A ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. A ti pààrọ̀ kọ́ìlì. A ti tú àwọn ẹnu tó ń fọ́n epo, a fọ̀ wọ́n, a dá wọn padà. A gbé ẹ̀rọ ayẹ̀wò sí i, ohun kan náà ló ń sọ nígbà gbogbo: afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ibì kan ti lu, afẹ́fẹ́ sì ń gba ibẹ̀ wọlé lọ́nà tí kò yẹ. Ihò náà kò tóbi. Bí o bá tẹ epo, afẹ́fẹ́ tó ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé á pọ̀ débi pé ti inú ihò kò ní já mọ́ nǹkan. Bí o bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, òun náà ni á tún máa da ẹ́ńjìnì láàmú.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni ọ̀gá mi pè mí sídìí ọkọ̀ náà. Ọ̀gá yìí ló kọ́ mi níṣẹ́. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, èmi náà sì ti ń sún mọ́ àádọ́ta, ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ ni mo ṣì wà, mi ò ní gáráàjì tèmi.

“Ìwọ ni kó o wá ibi tó lu yẹn,” ó ní. “Lọ mú ike.”

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi omi ọṣẹ wá a.”

Àwọn tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. “Pompier ti dé o!” ni ọ̀kan nínú wọn ké. Panápaná ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí wọ́n fún mi nìyẹn, nítorí garawa omi àti garawa iyanrìn tí mo máa ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kí n tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹnikẹ́ni. Òmíràn ní, “Tonton, ṣé ẹ fẹ́ tún ọkọ̀ ṣe ni àbí ẹ fẹ́ wẹ̀ ẹ́? Ẹ mú kànìnkànìn dání o.”

Ọ̀gá kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó wo garawa méjèèjì, ó wò mí. “Mo fún ọ ní àyè di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Kí màmá tó wá lọ́jọ́ Jímọ̀, mo fẹ́ mọ ibi tó lu. Bí o kò bá rí i, tó o sì ń bẹ̀rù ike, kó àpótí irinṣẹ́ rẹ máa lọ. Ó ti sú mi. Mi ò lè máa bọ́ mẹkáníìkì tó ń bẹ̀rù ẹ́ńjìnì.”

Kí n sọ ohun tí ike jẹ́. Ike omi lásán ni. A á fi ìṣó lu ihò kékeré sí ìdérí rẹ̀, a á rọ epo bẹntiróòlù sínú rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, a á máa tẹ ike náà díẹ̀díẹ̀, kí epo máa kán sí ara àwọn oríkèé àti àwọn rọ́bà. Ibi tí epo bá kán sí tí ẹ́ńjìnì sì yára sí i, ibẹ̀ ló ti lu, torí ó ti fa epo náà mu. Ọ̀nà náà yá. Ìṣẹ́jú kan sí méjì, o ti rí ohun tí ò ń wá. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá tirẹ̀ ni ọ̀gá mi ti kọ́ ọ.

Ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, nígbà tí gáráàjì wa ṣì wà lẹ́yìn Adjamé Roxy, èmi àti ẹnì kan la jọ ń ṣe ọkọ̀ kan. A jọ kọ́ṣẹ́ ni, ọjọ́ kan náà la gba fírídọ́ọ̀mù, yàrá kan náà la sì gbé fún ọdún mẹ́rin. Ọ̀gá ní kí a fi ike wò ó. Ẹnìkejì mi yìí ló di ike mú. Èmi fi ọwọ́ méjèèjì gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè, nítorí irin tó yẹ kó gbé e dúró ti ṣẹ́. Wáyà púlọ́ọ̀gì kan ti sán, iná ń ta níbẹ̀ láìjẹ́ pé a rí i. Mi ò gbọ́ ariwo kankan. Mo kàn rí i pé gbogbo iwájú mi di iná, apá òsì mi sì ń jó.

Mo sá. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé mo sá, kò sì sí ẹni tó bá mi wí, wọ́n ní ta ló máa dúró. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé èmi ni mò ń gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì dúró. Nígbà tí mo jù ú sílẹ̀, ó já lé ẹnìkejì mi léjìká, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ inú iná náà kí àwọn tó kù tó sáré dé. Ọjọ́ mẹ́rin ló lò ní ilé ìwòsàn kó tó kú. Ó ń béèrè bóyá mo yè é. Wọ́n sọ fún un pé mo yè é, wọ́n ní inú rẹ̀ dùn.

Níbi ìsìnkú, ọ̀gá wa ní àmúwá Ọlọ́run ni. Gbogbo wa ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò sí ẹni tó dárúkọ ike. Kí oṣù tó parí, ike tuntun ti wà lórí pẹpẹ, wọ́n ti lu ihò sí ìdérí rẹ̀. Mo rí i, mi ò sọ nǹkan kan. Èmi kàn pinnu pé ọwọ́ mi kò ní kàn án mọ́ láyé, mo sì ń wá àwáwí láti jáde sí títì nígbà tí ẹlòmíràn bá ń lò ó.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé omi ọṣẹ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í dà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn. Tí omi ọṣẹ bá bo ojú ihò, yóò dí i fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ẹ́ńjìnì á yí ohùn padà, ìwọ á sì gbọ́ ọ bí o bá ní sùúrù. Mo tún gé rọ́bà gígùn kan, mo fi ẹnu kan sí etí mi, mo sì ń gbé ẹnu kejì kiri láàárín àwọn rọ́bà ẹ́ńjìnì láti gbọ́ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń súfèé. Iná ọjọ́sí jó etí òsì mi náà, kò gbọ́ràn dáadáa mọ́, nítorí náà ọ̀tún nìkan ni mò ń lò.

“Dókítà Pompier,” ni wọ́n ń pè mí ní Ọjọ́rú. “Ṣé ọmọ inú ń mí? Akọ ni àbí abo?”

Mo yẹ ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé wò, mo yẹ oríkèé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wò, mo yẹ rọ́bà tó lọ sí bíréèkì wò. Gbogbo wọn le. Nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ ṣú, mo rò ó pé kí n mú ike náà, kí n ṣe é lẹ́ẹ̀kan péré, kí n sì bọ́. Mo dé ìdí pẹpẹ. Òórùn epo náà gun imú mi. Mo padà sílé.

Ní Ọjọ́bọ̀, nǹkan bí agogo mọ́kànlá, màmá fúnra rẹ̀ dé nínú takisí. Ó ní òun kò lè dúró di Jímọ̀, ọmọ òun ti pe àwọn tó fẹ́ gbé ọkọ̀ náà. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó di báàgì rẹ̀ mú lórí itan. Mo bi í ní ohun kan, láti fi ìgbà falẹ̀ ni o, mi ò retí pé ó máa wúlò.

“Màmá, ọjọ́ wo gan-an ni ìgbọ̀n yìí bẹ̀rẹ̀?”

“Mon fils, ọmọ mi, ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ tó máa bi mí. Ọjọ́ tí a sin ẹ̀gbọ́n mi ní Bassam ni. Ọkọ̀ ń súfèé, fíííí, báyìí, ó wá kú lójú ọ̀nà. Patron rẹ, ọ̀gá rẹ yẹn, ló wá bá mi níbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó wọ abẹ́ rẹ̀, ó di nǹkan kan, ó ní, ‘Màmá, ẹ máa lọ, ça va aller, yóò dára.’ Súfèé dá. Mo lọ. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń gbọ̀n, jusqu'à aujourd'hui.”

“Ṣé ẹ sọ fún Ọ̀gá?”

“Mo sọ fún un. Ó ní ọjọ́ ogbó ni. Ó ní ṣé orúnkún tèmi kì í gbọ̀n bí mo bá dúró ni?”

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Ní gáráàjì wa, ohun tí ọ̀gá bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ dì, ẹlòmíràn kì í tú u. Kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ fírídọ́ọ̀mù, nígbà tí o bá wà lórí ìkúnlẹ̀, àwọn àgbà iṣẹ́ á bi ọ́ bóyá wàá máa tú ìdì ọ̀gá rẹ níwájú oníbàárà. Wàá ní rárá. Wọ́n á ní àmín. Kí ọmọ iṣẹ́ má ba orúkọ ẹni tó kọ́ ọ jẹ́ ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Ìdì ọ̀gá mi kò sì ṣòro láti mọ̀. Túùbù táyà ló máa ń gé tẹ́ẹ́rẹ́, ó máa ń wé e láti ọ̀tún wá sí òsì, á wá fi wáyà bàbà so ó, á lọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, á tẹ orí wáyà náà sílẹ̀ kó má baà gún ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Mo ti rí ìdì yẹn nínú ọkọ̀ màmá. Gbogbo wa la ti rí i. Ó wà lẹ́yìn pátápátá, lára rọ́bà kan tó nípọn tó ń gbé èémí ẹ́ńjìnì padà sínú. Ọdún méjì ni a fi ń yẹ ọkọ̀ náà wò, bí ojú wa bá dé ibẹ̀, a ó rò pé ibẹ̀ ti ní aláṣẹ, a ó sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Èmi náà ti gbé rọ́bà ìgbọ́ran mi káàkiri fún ọjọ́ méjì, mi ò gbé e dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Mo dúró títí màmá fi lọ. Mo dúró títí àwọn tó kù fi lọ jẹ àtíékè níwájú títì. Ọ̀gá jókòó sórí àga rẹ̀ lábẹ́ tapólì, ojú rẹ̀ wà ní dídì. Mo tan ọkọ̀ náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo da omi ọṣẹ sí ìdì náà. Ẹ́ńjìnì yí ohùn padà, ó kọ́kọ́ fẹ́ kú, lẹ́yìn náà ó rọra gbéra. Mo ká àkísà sí ọwọ́ nítorí ooru, mo fi ọwọ́ méjèèjì di rọ́bà náà mú gírígírí.

Ó dákẹ́. Ìgbọ̀n náà lọ bí ìgbà tí ibà bá tú lára ọmọdé. Láti ibi tí mo dúró sí ni mo ti ń wo rósárì náà nínú dígí, kò mì rárá.

Mo ti gbàgbé irú etí tí ọ̀gá mi ní. Ìgbà tí mo fi máa gbọ́ ìró bàtà rẹ̀, ó ti wà lẹ́yìn mi.

“Tú ọwọ́ rẹ.”

Mo tú u. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

“Tún dì í mú.”

Mo dì í mú. Ó dákẹ́. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀, ó wo ibi tí ọwọ́ mi wà, ó sì pẹ́ níbẹ̀ kó tó nàró.

“Ta ló sọ fún ọ?”

“Màmá ni wọ́n sọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, Ọ̀gá.”

“Ihò ni mo ní kó o wá. Mi ò ní kó o wá mi.”

Ó na ọwọ́ sínú ọkọ̀, ó pa á. “Tó o bá lo ike ni, o ì bá ti rí i láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀gá.”

Òtítọ́ ló sọ, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Epo ì bá fi hàn ní ìṣẹ́jú kan.

“Pààrọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó dé. Ju ti àtijọ́ yẹn nù, kó jìnnà síbí. Rọ́bà ló gbó. Ṣé o gbọ́? Rọ́bà gbó.”

“Mo gbọ́, Ọ̀gá. Rọ́bà ló gbó. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá, ike yẹn…”

“Ike wo?”

“Kí ẹnikẹ́ni má lò ó mọ́ níbí.”

Ó wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí. “Ṣé ò ń bá mi dúnàá-dúrà ni?”

“Ẹ má bínú sí mi, Ọ̀gá.” Mo dọ̀bálẹ̀. Ọ́ìlì ti dà sílẹ̀ níbẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ sínú rẹ̀. Mo rò pé ó máa ní kí n kó àpótí mi. Mi ò sì yí ọ̀rọ̀ náà padà. Mo kàn ń tún un sọ síbi tí mo dojú bolẹ̀ sí: ẹ má bínú, kí wọ́n má lò ó mọ́.

Nígbà tí mo gbé ojú sókè díẹ̀, apá òsì mi ló ń wò, ibi tí awọ rẹ̀ sún jọ. Ó yí ojú kúrò.

“Dìde níbẹ̀,” ó ní. “Mi ò rán ọ pé kó o fi ẹ̀wù nu ilẹ̀ fún mi.”

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, ó mú ike náà lórí pẹpẹ níwájú gbogbo wa, ó da epo inú rẹ̀ sínú táǹkì ọkọ̀ kan, ó sì fi ẹsẹ̀ tẹ ike náà fọ́. Ó ní, “Láti òní lọ, omi ọṣẹ ni. Epo ti wọ́n jù láti máa fi ṣòfò.” Lẹ́yìn náà ó sọ fún wọn pé òun ti ní kí n wo ẹ̀yìn ẹ́ńjìnì ọkọ̀ màmá, ibẹ̀ náà ni mo sì ti rí i. Wọ́n kan sáárá sí i. Ọ̀kan tiẹ̀ gbá mi léjìká, ó ní, “Pompier, ẹ ò rí i? Ẹ máa gbọ́ràn sí àgbà lẹ́nu.”

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń retí kí wọ́n ka ike yẹn léèwọ̀ nítorí ẹni tó kú. Ikú rẹ̀ kò tó. Nígbà tí wọ́n wá kà á léèwọ̀, nítorí kí ojú má ti ọ̀gá mi ni, wọ́n sì sọ pé nítorí epo ni. Inú mi yẹ kó dùn. Mo bá wọn fọ ọwọ́ lọ kírun.

Lẹ́yìn ìrun, màmá dé. Ó wọ inú ọkọ̀, ó tan án, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo, ó sì jókòó síbẹ̀. Ẹ́ńjìnì náà ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan igi tó wà níwájú, bí ẹni tó ń wò ó bóyá ara rẹ̀ ṣì ń gbóná. Ó wá yọ orí síta sí mi.

“Qu'est-ce que c'était, mon fils? Kí ló ṣe é?”

“Rọ́bà kan ló gbó, Màmá.”

“Èwo?”

“Ọ̀kan tó wà lẹ́yìn níbẹ̀.”

“Kì í ṣe ibi tí patron rẹ dì?”

Ọ̀gá wà lórí àga rẹ̀, kò jìnnà sí wa. Kò gbé ojú sókè.

“Rárá, Màmá. Ibẹ̀ kò ṣe nǹkan kan.”

Ó mi orí. “Ah bon. Ọdún méjì ni mo ti ń ro ọkùnrin yẹn ní búburú nínú ọkàn mi. Mo tiẹ̀ sọ ọ́ fún àlùfáà. Que Dieu me pardonne, kí Ọlọ́run dárí jì mí.” Ó di ọwọ́ mi mú láti ojú fèrèsé, ọwọ́ tó jóná gan-an. “Bá mi bẹ̀ ẹ́. Ojú ń tì mí láti lọ bá a. Sọ fún un pé kó má bínú sí mi.”

Ó wa ọkọ̀ rẹ̀ jáde. Ní ìkóríta, iná pupa dá a dúró, mo rí i pé ọkọ̀ náà dúró pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, kò gbọ̀n.

Mo lọ bá ọ̀gá mi lábẹ́ tapólì, mo jẹ́ iṣẹ́ tí màmá rán mi, mi ò yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò níbẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán, ó ṣàtúnṣe ìjókòó rẹ̀. Ó ní kí n sọ fún màmá pé kò sí wàhálà, òun ti dárí jì í.